Kòtò omi òjò tí a gbẹ́ sóko ata: bí a ṣe ṣe é, ibi tí a ti ṣìṣe, àti iye owó tó lọ sí i

Oko wa wà lẹ́yìn ìlú Ìsẹ́yìn, lórí ilẹ̀ tó dagun díẹ̀. Lọ́dún 2023, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kẹta, a sì gbin àgbàdo. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 19 kọjá tí ẹ̀kán omi kan kò kán sílẹ̀. Àgbàdo tó ti yọ ewé mẹ́ta rọ, ó sì kú. A tún un gbìn. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, òjò ọ̀sán kan ṣoṣo dá àgbàrá tó wọ́ ebè ata ìyá mi lọ sí ìsàlẹ̀ pápá, àti ata àti ilẹ̀ dúdú tó wà lórí rẹ̀. Oṣù méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ẹ̀gì ni a fi ń pọn omi láti odò tó jìn tó kìlómítà méjì, kí ìwọ̀nba ata tó ṣẹ́kù má baà kú.

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Omi tó gbé ebè wa lọ ni omi tí a tún ń wá kiri. Òjò kò kọ̀ wá sílẹ̀. Ìgbà rẹ̀ ló yí padà: ó ń pẹ́ dé, ó ń rọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń dá lójijì. Lọ́dọọdún ni NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde, a sì ń tẹ́tí sí i lórí rédíò, ó wúlò fún ìgbà tí a ó gbìn. Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ kì í bomi rin ata. A pinnu pé a ó mú omi náà dúró lóko.

Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe àáró. A fi ẹnu kò pé oko tiwa la ó ti kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, tí a bá rí i pé ó ṣiṣẹ́, a ó gbẹ́ ti àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì fi àwọn àṣìṣe sílẹ̀ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe rí.

1. Kí ni orí páànù lè fún wa?

Kí a tó gbé ọkọ́, mo fẹ́ mọ iye omi tó ń jábọ́ láti orí abà wa. Páànù rẹ̀ gùn ní mítà 9, ó sì bo ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 6. Ìyẹn jẹ́ 9 lọ́nà 6, tó jẹ́ 54. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: bí òjò tó ga ní mílímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà kan gééré ni. Nítorí náà, mílímítà kan lórí páànù wa jẹ́ lítà 54.

Láti wọn òjò, agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ láti ìdí dé ẹnu ni mo lò, mo gbé e sí gbangba tí igi kò ti ṣíji bò ó, mo sì ń ki rúlà ọmọ iléèwé bọ inú rẹ̀ bí òjò bá ti dá.

Fún ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, mo ra páìpù oníke 4 ínǹṣì mẹ́ta. Mo fi ayùn la méjì nínú wọn sí méjì-méjì ní òró, mo sì fi wáyà so wọ́n mọ́ etí páànù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀kẹta ló ń gbé omi wá sílẹ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà níbí. Mo so wọ́n kí wọ́n tẹ́jú, torí ojú mi rí i pé ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò dé, omi dúró láàárín, páìpù tẹ̀ kọdọrọ, ìdajì omi sì dà sílẹ̀. Mo tú u, mo tún un so kí ó máa dagun ní sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan: sẹ̀ǹtímítà 9 láti òpin dé òpin. Láti ìgbà náà ó ń ṣàn dáadáa.

Ní oṣù kẹwàá 2023, òjò ìrọ̀lẹ́ kan fún wa ní mílímítà 22. Ìṣirò ní ó yẹ kí a rí lítà 1,188. Mo to dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì, ohun tí a rí kó jọ kò ju bíi 900 lọ. Ìyókù ta dànù, òmíràn gbẹ lórí páànù gbígbóná. Nítorí náà, lítà 41 ni mo ń fi ṣírò fún mílímítà kan láti ìgbà náà, mi ò ka 54 mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kó kọ́kọ́ wọn tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó náwó.

2. Gbígbẹ́

Oṣù kejì 2024. Irinṣẹ́: dígà méjì, ṣọ́bìrì mẹ́ta, ọkọ́, àdá, okùn, èèkàn igi mẹ́rin, tépù ìwọ̀n. A yan ibi tó wà nísàlẹ̀ abà, àmọ́ tó ga ju ibi tí ata wà lọ, tó sì jìnnà sí igi ńlá kí gbòǹgbò má baà dà wá láàmú.

Ẹnu kòtò: mítà 5 sí mítà 4. Jíjìn: mítà kan ààbọ̀. Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè jìn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, a kó o sọ́tọ̀ lọ sí ibi ebè ata. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yangí pupa bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ sì le gidigidi.

Ní ọjọ́ kejì, a ti gbẹ́ ẹ jìn tó mítà kan, ògiri rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ti sàréè. Bàbá tó dàgbà jù nínú wa wò ó, wọ́n ní, "Ẹ má gbẹ́ ẹ báyìí. Bí omi bá wọ̀ ọ́, yóò wó." A kò tètè gbọ́. Òru ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ kan wó láìsí omi kankan níbẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta la ti dá a gun: ìdí kòtò wá jẹ́ mítà 3 sí mítà 2, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wọlé ní mítà kan kó tó kan ìsàlẹ̀. Bí ó ṣe rí yìí, ó lè gba nǹkan bí lítà 18,500.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbẹ́ ẹ. Àáró ni, nítorí náà oúnjẹ àti omi mímu nìkan la náwó sí: 22,000 náírà. Bí mo bá gba lébìrà ni, owó náà ì bá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

3. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán: kò mú omi dúró

Mo ti rí i lójú ara mi ní kékeré bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ òkìtì ọ̀gán àti ẹlẹ́bọ́tọ rẹ́ ilẹ̀ ilé, tí ilẹ̀ náà yóò sì dán. Mo ní a ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí kòtò, kò ní ná wa ní kọ́bọ̀. A fọ́ òkìtì méjì, a kúnná rẹ̀, a pò ó mọ́ ẹlẹ́bọ́tọ, a fi ẹsẹ̀ gún un, a sì rẹ́ ẹ mọ́ ìdí àti ẹ̀gbẹ́, ó nípọn tó 5 sẹ̀ǹtímítà. Ọjọ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà. Ó dára lójú.

Oòrùn oṣù kẹta sán an. Òjò oṣù kẹrin dé, omi wọ inú rẹ̀ tó orúnkún. Mo ti gún ọ̀pá kan sí ìdí kòtò, tí mo fi ọ̀bẹ ṣe àmì sí ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11. Ọjọ́ kẹta, 11 mìíràn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí a fi rí ìdí kòtò.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo yọ lára amọ̀ náà wò: ó ti sán kí omi tó dé, àwọn ojú sísán náà sì dé inú yangí, tí omi ń gbà wọlé bí ajere. Ilẹ̀ ilé wà lábẹ́ òrùlé, wọ́n sì ń tún un rẹ́ nígbà gbogbo. Kòtò wà nínú oòrùn. Bóyá ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀ láti ìsàlẹ̀, tí a sì rẹ́ ẹ nípọn ju báyìí lọ, tí a kò jẹ́ kó gbẹ rárá, ó lè dúró. Lórí yangí, ẹ má dán an wò.

4. Tápólì, lẹ́ẹ̀mejì

Mo lọ ra tápólì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀. Ẹnu kòtò jẹ́ 5 sí 4, mo ra 6 sí 5, mo rò pé mo ti fi àlékún sí i. 24,000 náírà. Nígbà tí a tẹ́ ẹ, kò dé etí òkè kòtò. N kò ka ìdàgun ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn rárá. Owó yẹn ni mo kábàámọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí tépù wà lọ́wọ́ mi.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ ki tépù láti etí òkè kan, kó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́, kó gba ìdí kọjá, kó tún gun ẹ̀gbẹ́ kejì dé òkè. Tiwa: ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.8. Ní òró, 1.8 àti 3 àti 1.8 jẹ́ 6.6. Ní ìbú, 1.8 àti 2 àti 1.8 jẹ́ 5.6. Ẹ fi mítà kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan fún èyí tí a ó rì mọ́lẹ̀ létí: 7.6 sí 6.6. Èyí tó wà lọ́jà tó sún mọ́ ọn ni 8 sí 7.

A kò tíì ní owó míì, a ní kí a lo èyí tó kéré náà, kí omi má ju ìdajì kòtò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, omi tún ń lọ. Mo gbọ́n omi tó kù, mo gbé tápólì sókè síwájú oòrùn, mo ka ihò 14. Koríko ẹ̀kan ló lu ú láti ìsàlẹ̀. Orí ẹ̀kan tó ń hù mú bí abẹ́rẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ tí dígà gé sí wẹ́wẹ́ ti tún ń hù lábẹ́ rọ́bà.

Nígbà tí èésú kàn mí ní oṣù keje, mo ra èyí tó nípọn, 8 sí 7, ní 95,000 náírà. Ṣùgbọ́n kí a tó tẹ́ ẹ, a ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- A fi ọwọ́ ṣa gbòǹgbò ẹ̀kan nínú kòtò àti ní mítà kan yí ẹnu rẹ̀ ká. A fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, a tún padà ṣa àwọn tó tún hù. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe bẹ́ẹ̀.
- A yọ gbogbo òkúta tó yọrí, a sì sẹ́ iyanrìn sí ìdí rẹ̀, 5 sẹ̀ǹtímítà.
- A tú àpò ajílẹ̀ àtijọ́ 40, a rán wọn pọ̀, a tẹ́ wọn sórí iyanrìn àti mọ́ ẹ̀gbẹ́. Tápólì tí ẹ̀kan lù náà, a tẹ́ ẹ sórí wọn.
- Lẹ́yìn rẹ̀ ni tápólì tuntun. Bàtà kò wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán la fi wọlé.
- A gbẹ́ poro yí ẹnu kòtò ká, ó jìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà, a ki etí rọ́bà bọ̀ ọ́, a sì fi ilẹ̀ bò ó, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Láàárín páìpù àti kòtò, a gbé dúrọ́ọ̀mù kan sí i kí iyanrìn àti ìgbẹ́ aláǹgbá rọ̀ sí ìdí rẹ̀ kí omi tó ṣàn lọ. Bí òjò bá ti pẹ́ kó tó rọ̀, a máa ń yí ẹnu páìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀ kí omi àkọ́kọ́ tó dọ̀tí lọ ná.

Láti ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án títí di ìparí oṣù kẹwàá 2024, agolo mi ka mílímítà 268. Páànù ń fún wa ní 41, ẹnu kòtò fúnra rẹ̀ ń gba 20, àpapọ̀ jẹ́ lítà 61 fún mílímítà kan. Ó yẹ kó lé ní 16,000. Nígbà tí òjò dá, ọ̀pá ka mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 30, tí ó jẹ́ nǹkan bí 14,700 lítà. Ìyókù ti bá oòrùn lọ.

5. Oòrùn, àwọn ọmọdé àti tanwíjí

Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, ẹnikẹ́ni kò bu omi níbẹ̀. Síbẹ̀ omi lọ sílẹ̀ ní 4.2 sẹ̀ǹtímítà láàárín ọjọ́ méje: mílímítà 6 lójúmọ́. Lójú lásán kò tó nǹkan, àmọ́ ìyẹn ju lítà 100 lọ lójoojúmọ́, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Kì í ṣe pé ó ń jò. Àpò tó wà létí abẹ́ rọ́bà gbẹ táútáú.

A gé ọparun, a fi dábùú kòtò, a sì tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí. Mo ń ṣe àmì sí ọ̀pá lẹ́yìn tí a bá bomi rin oko tán, mo sì ń padà wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí a tó bu omíràn. Pẹ̀lú imọ̀ yẹn, ó dín kù sí bíi mílímítà 3. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni a san fún ẹni tó bá wa kó ọparun.

Ìyá mi ló sọ nípa ọgbà. Wọ́n dúró létí kòtò, wọ́n ní, "Bí ẹ kò bá yí i ká, n kò ní mú ọmọ ẹnikẹ́ni wá sóko yìí mọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Rọ́bà tútù ń yọ̀, ọmọ tó bá já sínú rẹ̀ kò lè gùn jáde. A fi ọparun àti wáyà ṣe ọgbà tó ga dé àyà àgbàlagbà, a so okùn tó nípọn tó sì ní kókó mọ́ igi létí, ó wọ inú omi lọ, kí ẹni tó bá ṣubú rí nǹkan dì mú. Ẹ má gbẹ́ kòtò tí ẹ kò bá tíì ní owó ọgbà. Ó yẹ kí a ti ṣe tiwa kí omi tó wọ̀ ọ́, oṣù méjì gbáko ni ó wà ní gbangba.

Tanwíjí ti ń jó nínú omi kí oṣù kẹsàn-án tó parí. A ra ọmọ epìyà 30, ní 100 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, n kò rí tanwíjí mọ́.

6. Láti kòtò dé ìdí ata

Dúrọ́ọ̀mù kejì, tó ń gba lítà 200, wà lórí igi tó ga ní mítà 1.2. Láti ìdí rẹ̀, páìpù kan pín sí okùn rọ́bà mẹ́fà tí ń kán omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 20, ihò rẹ̀ sì jìnnà síra ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn ju ìdí ata 390 lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 10 ni a fi ń fa omi láti orí pákó, ogún bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń kún dúrọ́ọ̀mù, ó sì ń kán tán láàárín bíi wákàtí kan. Ó kan ìdí ata kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ìdajì lítà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo to agolo mílíìkì sábẹ́ ihò ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Ti òkè gba 35 sẹ̀ǹtílítà, ti ìsàlẹ̀ gba 65. Mo ti na okùn tẹ̀ lé ìdàgun ilẹ̀, omi sì sá lọ sísàlẹ̀. Mo kan igi mẹ́ta pọ̀ bí ìrísí A, mo fi okùn gbé òkúta kọ́ sí orí rẹ̀, mo ṣe àmì sí àárín igi ìdábùú. Ibi tí okùn bá ti kan àmì, ẹsẹ̀ igi méjèèjì wà ní ìpele kan náà. Mo fi tọpa ilẹ̀ ní ìdábùú, mo tú àwọn okùn, mo sì tún wọn nà gba ibẹ̀. Ìyàtọ̀ wá di 48 sí 54. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ihò ń dí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìdí 23 gbẹ, ewé àwọ̀ ewéko tó ń hù nínú omi ló dí wọn. Aṣọ ìléwọ́ tí a ká ní ìlọ́po mẹ́rin sí ẹnu dúrọ́ọ̀mù, tí a ń fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ló yanjú rẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ń ṣí òpin okùn kọ̀ọ̀kan kí omi ṣàn gbà á jáde.

A fi koríko gbígbẹ bo ìdí ata, ó nípọn tó ìka mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá ki ìka bọ ilẹ̀ lọ́sàn-án, ó ṣì tutù. Ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí fo ọjọ́ kan nínú mẹ́rin láìbomi rin.

Ohun mìíràn tí a dán wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ni kòtò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní zaï, tí àwọn àgbẹ̀ Yatenga ní Burkina Faso ń gbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n sì ń kó ajílẹ̀ sí kí òjò tó dé. Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ ibẹ̀ tó gba ẹ̀bùn Right Livelihood lọ́dún 2018, fi sọ ilẹ̀ tó ti kú di igbó. A gbẹ́ 60 fún àgbàdo, wọ́n fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n jìn tó 15. Nígbà ọ̀dá oṣù kẹjọ, àgbàdo inú wọn dúró digbí nígbà tí ti orí ebè ń ká ewé. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, omi kún inú kòtò méjìlá tó wà níbi tó tẹ́jú, gbòǹgbò sì rà. Òjò tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ. Bí a bá tún gbẹ́ ẹ, ibi tó dagun nìkan ni a ó gbẹ́ ẹ sí.

7. Owó

Oúnjẹ àáró 22,000. Tápólì kékeré 24,000. Tápólì ńlá 95,000. Páìpù mẹ́ta 25,500. Wáyà àti ìṣó 6,000. Dúrọ́ọ̀mù méjì 56,000. Okùn tí ń kán omi àti àwọn ìsopọ̀ rẹ̀ 38,000. Kíkó ọparun àti imọ̀ 8,000. Ọgbà 15,000. Ẹja 3,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 292,500 náírà. Èésú ló san èyí tó pọ̀ jù. Báńkì kankan kò dá sí i.

8. Bó ṣe rí báyìí

A bẹ̀rẹ̀ sí bomi rin ata ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2024. Omi náà tó wa títí di ọjọ́ 19 oṣù kìíní 2025, ọjọ́ 68, ó sì ku ìwọ̀nba tó bo àwọn epìyà. Ìdí ata 37 kú, 23 tí ihò wọn dí wà lára wọn. Ìyá mi ká apẹ̀rẹ̀ 9 nígbà tí ata ti wọ́n lọ́jà, wọn kò sì gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sódò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà.

Ó ku ohun tí kò tíì yanjú. Ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹsẹ̀ ọparun tó wà létí kòtò, a ní láti fi òkúta gbé wọn sókè kúrò nílẹ̀. Rọ́bà tó yọ síta létí, níbi tí imọ̀ kò dé, ti ń ṣá, mo sì ti fi ilẹ̀ bò ó.

Ní oṣù kejì 2025, a kó dígà lọ sóko bàbá tó kìlọ̀ fún wa nípa ògiri. Ìdàgun ni a fi bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọjọ́ méjì la fi gbẹ́ ẹ. Wọ́n ti ṣe ọgbà wọn tán kí a tó débẹ̀, wọ́n sì ra tápólì 8 sí 7 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ń kọ èyí, gbòǹgbò ẹ̀kan là ń ṣa níbẹ̀, a ti ṣa á lẹ́ẹ̀kejì.